Ẹ Bi Àǹtí Ẹlẹ́ja: Òkun Kékeré Nínú Pálọ̀ l'Ékòó

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi lóṣù yìí lórí tánkì ẹja olómi òkun pọ̀ ju ti omi odò lọ, mo sì ti fi gbogbo àyè mi sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa àrọ̀ àti goldfish, ẹ ṣe sùúrù, tiyín ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Súrùlérè ni mò ń gbé, lókè àjà kejì. Ó wù mí kí n kọ́ tánkì kékeré sí pálọ̀, kí iyùn ààyè wà nínú rẹ̀, kí àwọn ẹja aláwọ̀ ọsàn onílà funfun tí àwọn ọmọ fẹ́ràn náà sì wà níbẹ̀. Kápẹ́ńtà wà nílẹ̀, ọ̀gá kan ní Mushin sì ti ní òun á gé gíláàsì. Báwo ni kó ṣe tóbi tó, ibo ni kí n sì gbé e sí? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ náwó sórí iyọ̀, pé kí n lọ pọn omi òkun ní Ẹlẹ́gúṣì. — Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Kí ọ̀gá gíláàsì tó mú téèpù, ẹ kọ́kọ́ ro ti alẹ́ tí iná máa lọ. Alẹ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ kọ́ tánkì yín fún. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ lórí iṣẹ́ yìí, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ti kọ ọ́: wọ́n á kọ́ yín bí ẹ ó ṣe mú omi gbóná, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ bíi pé iná kì í lọ. Tiwa kọ́ nìyẹn. Iyùn, ẹranko òkun tó ń dúró lójú kan, ń fẹ́ omi tó wà láàárín dígírì 24 sí 27. Lọ́sàn-án oṣù kẹta, pálọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Súrùlérè lè kọjá 32, pọ́ọ̀ǹpù àti iná orí tánkì á sì tún fi ooru tiwọn kún un. Àwọn ewédò wínníwínní kan wà tó ń gbé inú ẹran ara iyùn, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un. Bí omi bá dúró sókè 30 fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á kúrò lára rẹ̀. Iyùn á funfun báláú, ebi á sì pa á. Ohun kan náà ló ṣe iyùn tó wà ní Great Barrier Reef ní Ọsirélíà ní 2016, 2017, 2020, 2022 àti 2024. Ooru yìí náà ló ń lé ọ́síjìn kúrò nínú omi. Ní dígírì 25, lítà omi òkun kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 6.7, ní 30, ó ti wálẹ̀ sí bíi 6.2, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹja ń mí kíákíá sí i nígbà tí ooru bá mú un.

Nítorí náà, tánkì tó fẹ̀, tí kò ga, ni kí ẹ ṣe. Tèmi ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 75, ó fẹ̀ ní 45, ó ga ní 35. Bí omi bá dé sẹ̀ǹtímítà 32 nínú rẹ̀, lítà 108 ni. Ojú omi ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ooru ń gbà jáde, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó fẹ̀. Tánkì gíga tóóró tí wọ́n ń gbé sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtura dùn ún wò, àmọ́ bí pọ́ọ̀ǹpù bá dúró, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í rí atẹ́gùn. Ẹ má sì sọ̀kalẹ̀ ju lítà 80 lọ, nítorí omi tó bá kéré, ooru ọ̀sán kan ṣoṣo ti tó láti da gbogbo rẹ̀ rú.

Gíláàsì mílímítà 10 ni kí ọ̀gá gé, kó sì lọ etí rẹ̀ kó má gé yín lọ́wọ́. Ibi tí mo ti máa ń dúró ti oníṣẹ́ ni ibi sílíkóònù. Sílíkóònù dúdú tí kò ní àmúlùmálà ni kí ẹ rà, èyí tó máa ń ta sánsán bíi fínígà bí ẹ bá ṣí i. Ti balùwẹ̀ tí wọ́n ti po oògùn ebu mọ́, májèlé ni fún ẹja. Ẹ fi acetone nu etí gíláàsì méjèèjì, ẹ má sì tún fi ìka kàn án. Ẹ lẹ téèpù oníwèé sí ọ̀tún àti òsì ibi tí ìlà máa gbà, kí ọ̀gá tẹ sílíkóònù jáde láìdánudúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó gbé gíláàsì lé e, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ẹ máa wò ó láti òdì kejì: ìlà náà á máa fẹ̀, á máa dúdú sí i, títí á fi kún ojú ibi tí gíláàsì méjèèjì ti pàdé. Bí ẹ bá rí àmì funfun kan nínú rẹ̀, kódà kó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀, ibẹ̀ ni omi máa gbà jáde lọ́jọ́ tí ẹ ò sí nílé. Kó tú u, kó tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹ ká téèpù kúrò kí ojú sílíkóònù tó gbẹ, ẹ fi tánkì sílẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko, kí ẹ sì bu omi kún un ní bàlíkónì fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó wọ pálọ̀.

Pẹ̀lú òkúta àti yanrìn, gbogbo rẹ̀ á tó kílò 160, a ò tíì ka tábìlì mọ́ ọn. Níwọ̀n bó ti jẹ́ òkè àjà lẹ wà, ẹ gbé e ti ògiri tó ní bíìmù lábẹ́, kó má jẹ́ àárín yàrá, kó má sì jẹ́ ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ẹ sọ fún kápẹ́ńtà pé kó má lo pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ pọ̀, nítorí ọjọ́ tí omi bá kán sí i ló máa wú. Onírin tí wẹ́dà jó, tí wọ́n sì kùn dáadáa, ni èmi fẹ́ràn. Ẹ má fi gíláàsì dé orí tánkì. Nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ta lé e, torí ẹja òkun máa ń fò jáde.

Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi wúlò gan-an, nítorí omi tó ń fẹ́ lọ ń gbé ooru dání. Afẹ́fẹ́ Èkó ti kún fún ọ̀rinrin tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má retí ju dígírì kan sí méjì lọ, àfi nígbà ọyẹ́. Omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ ń dúró sẹ́yìn. Omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ máa fi dí i. Mo fi máákà fa ìlà kan sẹ́yìn gíláàsì mi, láràárọ̀ ni mo sì ń bu omi dé ìlà náà, ó sábà máa ń tó lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi omi iyọ̀ dí i, iyọ̀ inú tánkì rẹ̀ á máa ga sí i ni títí iyùn ò fi ní lè là mọ́.

Ní ti omi Ẹlẹ́gúṣì, rárá o. Ọ̀sà Èkó ń gba omi odò Ògùn àti ti àwọn odò mìíràn, ó ń gba omi gọ́tà gbogbo ìgboro, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ìdọ̀tí pákó Òkobaba fi ń wọ inú rẹ̀. Ẹnu èbúté ni gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde sójú òkun. Nígbà òjò, iyọ̀ inú ọ̀sà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ti etíkun náà sì máa ń dínkù. Ẹ ò lè mọ ohun tí ẹ pọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè yàtọ̀ sí ti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ra iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún tánkì iyùn, ẹ po gíráàmù 35 sí 38 mọ́ lítà kan, kí ẹ sì fi refractometer, irinṣẹ́ tó ń wọn iyọ̀ inú omi, wò ó títí á fi dé 35 nínú ẹgbẹ̀rún. Iyọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n l'Ọ́yìngbò kò lè ṣe é. Kálísíọ́ọ̀mù ni irú iyùn tó ní egungun fi ń kọ́ ọ. Nǹkan bíi mílígíráàmù 410 rẹ̀ ló wà nínú lítà omi òkun kan, pẹ̀lú màgnísíọ́ọ̀mù tó tó 1,290, iyọ̀ ọbẹ̀ ò sì ní wọn bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹja tí àwọn ọmọ fẹ́ràn yẹn, òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé wọn. Wọn ò sí nínú òkun tiwa yìí rárá. Ẹ ra èyí tí wọ́n pa ẹyin rẹ̀ sínú tánkì, tí kò mọ òkun rí. Ó le, ó sì tètè ń jẹun. Méjì péré ni kí ẹ rà, kí ọ̀kan kéré ju èkejì lọ. Akọ ni gbogbo wọn níbẹ̀rẹ̀ ayé wọn, èyí tó tóbi jù ló máa di abo, wọn ò sì ní bá ara wọn jà. Iyùn rírọ̀ tí kò ní egungun líle ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó lè fara da ooru díẹ̀. Bó bá tó àsìkò tí ẹ ó ra èyí tó ní egungun, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ìwé rẹ̀ dà: àdéhùn CITES, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀ láti 1974, ló ń ṣàkóso kíkó o láti ilẹ̀ kan sí òmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Omi bọọhóólù wa ní Gbágádà máa ń sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì di pupa. Ṣé mo lè lo píọ̀ wọ́tà fún tánkì iyùn? Omi òjò ńkọ́? Àbúrò mi ní omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ju gbogbo wọn lọ. — Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀

ÌDÁHÙN: Irin ló ń sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì yín di pupa. Irin yẹn, àti ohun tó ń jò láti inú sọ́kàwéè wọ inú ilẹ̀, ni ewédò tó ń yọ̀ lára gíláàsì máa jẹ sanra. Òjò tó gba orí páànù wálẹ̀ ti gbé síńkì bọ̀. Omi amúlétutù ń ṣàn lára páìpù kọ́pà, kọ́pà sì burú fún edé, ìgbín òkun àti iyùn, kódà nígbà tí kò pọ̀ rárá. Píọ̀ wọ́tà dára fún èèyàn láti mu, àmọ́ ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ kò tán. Ẹ ra TDS meter kékeré, tó ń wọn ohun tó yọ́ sínú omi, ẹ tì í bọ inú ife píọ̀ wọ́tà kan, ẹ ó rí i fúnra yín. Òdo lórí TDS meter ni iyùn ń fẹ́ kí ẹ tó po iyọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ RO/DI, tó ń sẹ́ ohun tó yọ́ sínú omi kúrò, ló ń fún mi ní òdo. Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ: ẹ̀rọ náà ń fẹ́ kí omi fi agbára tó tó báà 3 sí 4 wọ inú rẹ̀. Tánkì omi ilé tó bá ga ní mítà 10 sókè ilẹ̀ kò lè fún un ju báà 1 lọ, tánkì orí òpó ọ̀pọ̀ ilé wa kò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ àwọn kan fi ń kán tó, tó, tó láti àárọ̀ dalẹ́, tí òdo náà ò sì yọjú. Ẹ ra booster pump, pọ́ọ̀ǹpù tó ń fi agbára kún omi, mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Omi tí ẹ̀rọ náà ń dànù pọ̀ ju èyí tó ń fún yín lọ. Ẹ gbè é sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi fọ aṣọ tàbí ilẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ọkàn mi ò balẹ̀. Lafiaji la wà. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, kò sì dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀fọn pọ̀, mo bá fọ́n oògùn ẹ̀fọn sí pálọ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, àwọn edé àti àwọn alákàn kékeré tó ń gbé inú ìkarahun ti kú tán. Àwọn ẹja wà láàyè, iyùn sì ti ká ara wọn jọ. Ọkọ mi ní àìsí iná ló fà á, pé jẹnẹrétọ̀ ńlá ni ká rà. — Ìyá Tòmíwá

ÌDÁHÙN: Ìyá Tòmíwá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bá mi kí Bàbá Tòmíwá, kí ẹ sì ní kó mú sùúrù lórí ti jẹnẹrétọ̀. Ẹ wo àwọn tó kú, kí ẹ sì wo àwọn tó yè. Bó bá jẹ́ ọ́síjìn ló tán, àwọn ẹja ni ì bá kọ́kọ́ máa gbẹ́nu sójú omi, tí wọ́n á máa mí gúlegúle. Tiyín, edé àti alákàn ló lọ, ẹja ò ṣe nǹkan kan. Oògùn ẹ̀fọn nìyẹn. Ìṣan ara kòkòrò ni ó ń bá jà, edé àti alákàn sì bá kòkòrò tan. Ìwọ̀nba tó bọ́ sójú omi nínú yàrá tí ẹ tì pa ti tó láti pa wọ́n.

Lónìí yìí, ẹ po omi iyọ̀ tuntun, kí ẹ fi pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi inú tánkì. Ẹ fi èédú tí wọ́n ṣe fún fílítà sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbé e sí ibi tí omi ti ń ṣàn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ tún omi pààrọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ èédú. Ẹ má tíì ra edé mìíràn fún bí oṣù kan. Láti ìsinsìnyí lọ, kí oògùn fífọ́n má wọ pálọ̀ yẹn mọ́, kó má sì wọ yàrá tó bá ṣí sí i. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, kí àwọn ọmọ sì sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi ìpara pa ọwọ́ kò gbọdọ̀ tì í bọ inú omi. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí fún gbogbo ilé tí mo bá bá kọ́ tánkì, torí mo ti rí i tó pa nǹkan ju àìsí iná lọ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ iná náà ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Kò gba jẹnẹrétọ̀. Ohun tí tánkì nílò lóru ò ju kí omi máa rú lọ. Ẹ wá pọ́ọ̀ǹpù kékeré tó ń lo 12 fóòtì, tí kò ju wáàtì 5 lọ, kí ẹ so ó mọ́ bátìrì 12 fóòtì 7 Ah, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú UPS. Ó wà ní Àlàbà. Wáàtì-wákàtí 84 ló wà nínú irú bátìrì bẹ́ẹ̀ bó bá kún. Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ lò, ìyẹn nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Ẹ kọ ẹnu pọ́ọ̀ǹpù náà sókè, kó máa rú ojú omi. Bí bátìrì bá tán kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ fi kọ́ọ̀bù máa bu omi inú tánkì, kí ẹ máa dà á padà láti òkè kó máa ta fóòmù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ti gba ọ̀pọ̀ ẹja là.

Bí ọ̀sán bá gbóná jù, ẹ fi yìnyín inú ike tí ẹ dé pa léfòó sójú omi. Kílò yìnyín kan á mú lítà omi 100 wálẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì kan. Ẹ má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú wákàtí kan, kí ara ẹja má bàa já. Bí fílítà yín bá jẹ́ irú èyí tó wà nínú agolo tí wọ́n dé pa, tí iná sì lọ ju wákàtí méjì-mẹ́ta lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó tan pọ́ọ̀ǹpù padà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá yín wẹ omi ti kú sínú rẹ̀, omi ibẹ̀ á ti máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ẹ dà á nù, ẹ fi omi tánkì ṣan inú rẹ̀, kí ẹ tó dá a padà. Èmi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ra irú fílítà bẹ́ẹ̀ l'Ékòó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kẹta rèé tí omi tánkì mi ti mọ́ gaara. Ṣé mo lè kó ẹja sínú rẹ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́, Àkọkà

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ó tì o. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di àmóníà, ó sì ń jó ẹja lára àti létí tó fi ń mí. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, òmíràn ló ń sọ ìyẹn di nitrate, tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò tíì débẹ̀. Fi edé tútù ẹyọ kan sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, jù ú sínú tánkì kó jẹrà, kí o máa fi kítì àyẹ̀wò wo omi. Àmóníà á gòkè, á wálẹ̀. Nitrite á tẹ̀ lé e. Ìgbà tí méjèèjì bá di òdo, tí nitrate sì ti yọjú, ni kí o ra ẹja kan, kì í ṣe márùn-ún. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Inú UNILAG nílé ìwé yín níbẹ̀ ni ẹ̀ka Marine Sciences wà, bó o bá fẹ́ mọ̀ jinlẹ̀ sí i, lọ bá wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ mú alákàn láti Mákòókó wá sínú tánkì òkun wa. Ṣé kò léwu? — Ìyá Àyìnkẹ́, Yábàá

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kó mú un wá. Alákàn ọ̀sà á jẹ ẹja yín lóru, á sì tú òkúta ká. Ẹ ra alákàn kékeré inú ìkarahun fún un, èyí tó ń jẹ ewédò.

ÌBÉÈRÈ: Iyùn kan tó rí rìbìtì-rìbìtì, aláwọ̀ ewé, tó ní irun yípo ẹnu, ti bo òkúta tánkì mi. Mo fẹ́ yọ òkúta náà, kí n sè é nínú ìkòkò kó lè mọ́. — Alhaja, Ìdúmọ̀tà

ÌDÁHÙN: Alhaja, ẹ dákun, ẹ má gbé òkúta yẹn kaná. Ó jọ irú tí wọ́n ń pè ní zoanthid. Àwọn kan nínú wọn ní májèlé tó ń jẹ́ palytoxin, ọ̀kan lára èyí tó le jù nínú gbogbo májèlé inú òkun. Bí ẹ bá se òkúta náà, tàbí tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, tàbí tí ẹ da omi gbígbóná lé e, májèlé náà lè bá ooru omi gòkè, kí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé sì fà á símú. Odidi ìdílé ti dèrò ọsibítù ní ilẹ̀ òkèèrè nítorí irú rẹ̀.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì ààbò ojú, kí ẹ ṣe é ní ìta gbangba, kí òkúta wà nínú omi iyọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fọwọ́ kàn án. Bí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ náà. Bí ẹ ò bá fẹ́ iyùn náà mọ́, ẹ fún ẹni tó ń sin iyùn ní òkúta náà tòun-ti-omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ dé. Bó bá ti wà lórí iná nígbà tí ẹ ń ka èyí, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde ná. Bí ẹnu ẹnikẹ́ni bá ń korò, tó ń wúkọ́, tí àyà ń fún un, tàbí tí iṣan ara ń ro ó, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà lójúkojú pé palytoxin ni ẹ fura sí.